Ẹja tó ń kọ ikùn sókè lúwẹ̀ẹ́: ẹ bá mi mọ irú èyí tó jẹ́

Ọlámidé_Sùúrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olùsìn ẹja. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Mo ra ẹja kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ládùúgbò wa. Kò ju àtàǹpàkò lọ nígbà tí mo rà á. "Upside-down" ni olùtajà pè é, torí pé ó máa ń kọ ikùn sókè lúwẹ̀ẹ́, ó sì ní kò ní gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ní báyìí, tí mo bá tẹ́ ọwọ́ sára gíláàsì, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín ló gùn tó, ó sì ṣì ń dàgbà. Ikùn rẹ̀ dúdú ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Kì í bá ẹja kankan jà. Táńkì 120 lítà ló wà, òun àti ẹja ọ̀ṣọ́ kéékèèké mìíràn, kribensis méjì pẹ̀lú tetra díẹ̀. Omi borehole ni mò ń lò. Ti iná mànàmáná, ẹ mọ bó ṣe rí.

Mo ti wo fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń dùn mí, gbogbo wọn ló jọra. Irú ẹja wo gan-an nìyí? Ṣé táńkì mi á gbà á?

Túndé_Houston

Synodontis nigriventris ni. Ikùn dúdú, ó ń kọ ikùn sókè, kí ló tún kù? Èmi náà ní mẹ́rin níbí. Fọkàn balẹ̀, ẹja jẹ́jẹ́ ni. Ra mẹ́ta sí i, torí wọn kì í fẹ́ dá gbé.

ÌyáÌbejì_Peckham

Túndé àbúrò mi, rọra. Nigriventris ni mo ti ń sìn láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi ti wà ní pámárì. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò tó 10 cm, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀, 9.6 cm. Ẹja tó gùn láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka ti kọjá ibẹ̀. Ohun kejì ni pé agbègbè odò Congo ni nigriventris ti wá. Kò sí i nínú Odò Ọya, kò sí i nínú odò Ògùn. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ apẹja ilẹ̀ wa ni olùtajà yẹn ti rà á, nigriventris kọ́.

Èrò tèmi ni pé Synodontis eupterus ni. Èyí wà nínú Odò Ọya, ó wà ní Chad, ní Volta àti ní Náìlì Funfun. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń tà káàkiri ayé pẹ̀lú orúkọ "upside-down" yẹn. Bó bá dàgbà, àwọn ọ̀pá tó wà nínú lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ á gùn jáde tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń wuyì láti wò. Ó lè tó 30 cm, ó sì máa ń gba ihò kan mọ́ra, kò ní jẹ́ kí ẹlòmíì sún mọ́ ọn.

BàbáÀrọ̀_Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ ká má tíì sọ ọ́ lórúkọ. Kurungu ni, bí àwọn ará Òkè Ọya ṣe ń pe Synodontis, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Kì í ṣe àrọ̀, kì í ṣe ọ̀bọ̀kún. Àmọ́ ẹbí kurungu pọ̀ lọ jàra, ìwà nìkan ò sì tó láti fi dá ẹja mọ̀. Ọ̀pọ̀ kurungu ló máa ń yí ikùn sókè bí oúnjẹ bá wà lójú omi, tàbí bó bá fara pamọ́ sábẹ́ igi. Ara ẹja ni ká wò.

Ọlámidé ọmọ mi, bá mi wò ó dáadáa. Jẹ́ kó sún mọ́ gíláàsì, kó o ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ gan-an, má yà á láti òkè, má sì lo fláàṣì. Ka irùngbọ̀n rẹ̀. Mẹ́fà ni ti kurungu: méjì láti igun ẹnu lókè, mẹ́rin lábẹ́ àgbọ̀n, tàwọn tìsàlẹ̀ sì máa ń yọ ẹ̀ka. Mẹ́jọ ni ti àrọ̀, wọn kì í yọ ẹ̀ka. Wo méjì òkè yẹn: ṣé wọ́n dán bọ̀rọ́, àbí awọ pẹlẹbẹ kan wà létí wọn? Lẹ́yìn náà wo lẹbẹ ọlọ́ràá, ìyẹn èyí tí kò ní ọ̀pá nínú, tó wà láàárín lẹbẹ ẹ̀yìn àti ìrù. Báwo ló ṣe jìnnà sí lẹbẹ ẹ̀yìn tó? Ibi tí mo fẹ́ kó o fojú sí jù nìyẹn.

Bó o bá tún lè rí egungun èjìká rẹ̀, tó nà láti ẹ̀yìn orí lọ sí ẹ̀gbẹ́, sọ fún wa bó ṣe rí, ṣóńṣó ni tàbí bìrìkìtì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Synodontis ni wọ́n fi egungun yẹn yà sọ́tọ̀. Àmì tótòòtó ara wọn máa ń yí padà bí wọ́n ṣe ń dàgbà, egungun kì í yí bẹ́ẹ̀.

Ọlámidé_Sùúrùlérè

Ẹ ṣé gan-an ni, bàbá. Mo jókòó tì í lálẹ́ àná lẹ́yìn tí mo pa iná pálọ̀, torí ìgbà yẹn ló máa ń jáde. Irùngbọ̀n mẹ́fà ni, mẹ́rin ìsàlẹ̀ yọ ẹ̀ka. Awọ dúdú wà létí méjì òkè, ó fẹ̀ níbi tí wọ́n ti yọ. Lẹbẹ ọlọ́ràá yẹn ló yà mí lẹ́nu: kò sí àyè kankan láàárín rẹ̀ àti lẹbẹ ẹ̀yìn. Ibi tí ọ̀kan parí sí ni èkejì ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gùn lọ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìrù. Ara rẹ̀ ga, kò rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ìrù là sí méjì. Egungun èjìká ni mi ò rí dáadáa.

Tó bá fẹ́ jẹun, á wá sókè, á kọ ikùn sí ojú omi, á máa fa nǹkan mu bí ẹni ń gbá ilẹ̀. Mo ti fi fọ́tò sísàlẹ̀.

BàbáÀrọ̀_Ìbàdàn

Ó ti yé mi. Synodontis batensoda ni.

Lẹbẹ ọlọ́ràá tó fara kan lẹbẹ ẹ̀yìn yẹn ló tú u fó. Ti nigriventris ní àyè láàárín, ti eupterus náà ní àyè láàárín. Kún un pẹ̀lú awọ dúdú létí irùngbọ̀n àti ara gíga yẹn, kò kù síbì kankan. Ẹja kan tún wà tó lè dàrú mọ́ ọn lójú ni membranaceus, tí òun náà ń kọ ikùn sókè, ṣùgbọ́n awọ irùngbọ̀n tiẹ̀ fẹ̀ gan-an ju èyí lọ. Bó o bá rí ìwé àtijọ́ tó pe batensoda ní Brachysynodontis, ẹja kan náà ni, wọ́n ti dá a padà sáàárín àwọn Synodontis yòókù.

Ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ó wà nínú Odò Ọya àti Benue, ó wà ní Chad, Senegal, Gambia, títí dé Náìlì. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti kíyè sí ìwà rẹ̀ yìí: wọ́n gbẹ́ kurungu tó kọ ikùn sókè sára ògiri ibojì àwọn ọlọ́lá wọn, ní èyí tó ju ẹgbàajì ọdún lọ sẹ́yìn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ẹja táwọn èèyàn ń yan jẹ ní Lọ́kọ̀ja ni oníṣẹ́ ọnà ti fara balẹ̀ wò nígbà yẹn.

Ikùn tó dúdú ní ìdí. Ọ̀pọ̀ ẹja ni ẹ̀yìn wọn dúdú tí ikùn wọn funfun, kí ẹyẹ tó wà lókè má baà rí wọn, kí ẹja ńlá tó wà nísàlẹ̀ má sì rí wọn. Ẹja tó bá ń kọ ikùn sókè ní láti yí àwọ̀ yẹn padà. Ìdí nìyẹn tí nigriventris àti batensoda fi ní ikùn dúdú, bó tiẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń dàgbà jìnnà síra. Àwọ̀ ikùn yẹn nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù le díẹ̀. Wọ́n ti rí batensoda tó gùn tó 50 cm. Táńkì 120 lítà kò lè gbà á pẹ́.

Túndé_Houston

Mo gbà fún bàbá, ọ̀rọ̀ lẹbẹ yẹn ti parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan: ní Amẹ́ríkà níbí, mò ń rí Synodontis kan nínú ṣọ́ọ̀bù tó ní àmì bíi ti eupterus, tí ojú rẹ̀ jọ ti òmíràn. Mo yẹ lẹbẹ rẹ̀, mo yẹ irùngbọ̀n rẹ̀, kò bá ti ẹ̀yà kankan mu. Kí nìyẹn?

ÌyáÌbejì_Peckham

Àdàlù ni. Àwọn olùsìn kan ní ìlà-oòrùn Yúróòpù máa ń gún Synodontis méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní abẹ́rẹ́ kí wọ́n lè yé ẹyin, wọ́n á wá fi àtọ̀ ọ̀kan pò mọ́ ẹyin èkejì. Wọ́n á fún un lórúkọ tó dùn létí, á wá di ọ̀wọ́n. Kò sí bó o ṣe lè mọ bó ṣe máa tóbi tó tàbí bí ìwà rẹ̀ ṣe máa rí. Èmi kì í rà á. Bí olùtajà ò bá lè sọ odò tí ẹja ti wá, tàbí oko tí wọ́n ti sìn ín, mo máa ń bá tèmi lọ.

Bó o bá fẹ́ Synodontis tó ní ìtàn, wá multipunctatus ti Adágún Tanganyika. Irú ẹja kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ cichlid, tó máa ń gbé ẹyin sẹ́nu tọ́. Bí cichlid bá ń yé ẹyin lọ́wọ́, multipunctatus á já wọ àárín wọn, á da tirẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá cichlid á kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu. Ọmọ multipunctatus ló máa kọ́kọ́ pa, á sì jẹ àwọn ọmọ onílé tán lẹ́nu ìyá wọn. Mo ti rí ìyá cichlid tó ń pọ ọmọ ọlọ́mọ jáde nínú táńkì ọ̀rẹ́ mi kan, mi ò lè gbàgbé rẹ̀ láé.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUNAAB

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ àárín ọ̀rọ̀ yín. Èmi ní "sucker" kan tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹni tó tà á fún mi ní Hypostomus plecostomus ni. Òun náà ń tóbi. Ṣé lẹbẹ la fi ń dá tàwọn yìí mọ̀ náà?

BàbáÀrọ̀_Ìbàdàn

Lẹbẹ náà ni. Jẹ́ kó na lẹbẹ ẹ̀yìn, kó o ka ọ̀pá rírọ̀ tó wà lẹ́yìn ọ̀pá líle àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ méje, Hypostomus ni. Bó bá tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Pterygoplichthys ni, òun ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní plecostomus lọ́jà. Ìyẹn lè kọjá 40 cm. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ èyí tó máa kéré, Ancistrus ni kó o wá, kì í sábà kọjá 15 cm. Akọ rẹ̀ máa ń hu irun ẹlẹ́ran sí iwájú orí, èèyàn ò lè ṣì í mọ̀. Fún un ní igi gidi nínú omi kó máa họ, àti ẹ̀fọ́ tí o bọ̀ díẹ̀. Kò lè máa jẹ ìdọ̀tí táńkì nìkan.

Túndé_Houston

Kí n fi kún ti plecostomus yẹn, tí a ń gé kúrú sí pleco: bó bá tóbi jù fún ọ, má lọ dà á sódò. Ní Texas níbí, odò San Marcos kún fún pleco táwọn èèyàn tú dà síbẹ̀ láti inú táńkì. Wọ́n ń gbẹ́ ihò sí bèbè odò láti yé ẹyin sí, ilẹ̀ ń ya. Amẹ́ríkà Gúúsù ni wọ́n ti wá, kò sí ohun tó lè kápá wọn níbí. Ará ibí máa ń lọ fi ọ̀kọ̀ gún wọn kí wọ́n lè dín kù.

Kẹ́hìndé_Abẹ́òkúta

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹja. Apẹja kan fẹ́ tà òjìjí fún mi, ó ní ọmọ kékeré ni. Ṣé mo lè fi í sáàárín tetra àti àrọ̀ kékeré tí mo ní?

BàbáÀrọ̀_Ìbàdàn

Rárá o. Òjìjí ń gbé iná. Èyí tó bá ti dàgbà lè gbé iná tó 350 fóltì, ó sì ń fi í pa ẹja tó fẹ́ jẹ. Òun nìkan ló gbọ́dọ̀ wà nínú táńkì, o ò sì gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ omi rẹ̀ láìwọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Bí ọmọdé bá wà nílé, fi í sílẹ̀ fún apẹja. Àrọ̀ kékeré tó o sọ yẹn náà, wò ó dáadáa: àrọ̀ tí a ń sìn lóko lè gùn ju mítà kan lọ, gbogbo tetra rẹ ni yóò sì di oúnjẹ rẹ̀.

Ọlámidé_Sùúrùlérè

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ti gbà pé batensoda ni. Mo fẹ́ bójú tó o dáadáa títí máa fi rí ibi tó tóbi fún un. Kí ni kí n ṣe ní báyìí? Tí NEPA bá mú iná lọ láti àárọ̀ dalẹ́, ó máa ń wá sójú omi tí á máa mí gúlegúle.

BàbáÀrọ̀_Ìbàdàn

Ibi tó ń pa ẹja jù nílẹ̀ wa lo fọwọ́ bà yẹn. Omi gbígbóná kì í gbé atẹ́gùn púpọ̀, táńkì Èkó sì lè tó 30°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí páǹpù bá dúró, atẹ́gùn á tán. Kòkòrò rere tó ń gbé inú fíltà, tó ń sọ amóníà (májèlé tó ń ti ìgbẹ́ ẹja wá) di ohun tí kò le, nílò atẹ́gùn kan náà. Bí fíltà bá wà ní pípa fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á kú, omi inú rẹ̀ á sì di májèlé. Nítorí náà, bí iná bá pẹ́ kó tó dé, tú fíltà, da omi tó ti rà sínú rẹ̀ nù, fi omi táńkì ṣan fóòmù rẹ̀ kó o tó tàn án padà. Má fi omi ẹ̀rọ ṣàn án. Ra páǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì, owó rẹ̀ kò pọ̀. Lọ́jọ́ tí iná ò bá sí, má bọ́ ẹja. Ebi ọjọ́ kan ò lè pa á, ìdọ̀tí oúnjẹ ló lè pa á.

Omi borehole rẹ, pọn ọ́n sínú ike ńlá lálẹ́, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i mọ́jú kó o tó dà á sí táńkì. Atẹ́gùn kì í pọ̀ nínú omi abẹ́ ilẹ̀, gáàsì mìíràn ló sábà máa ń kún inú rẹ̀. Pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sẹ̀, má pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé àwọn èèyàn ní Èkó, ṣa ewé rẹ̀ tó ti gbẹ tó jábọ́ fúnra rẹ̀, fọ̀ ọ́, fi méjì sínú táńkì. Omi á pọ́n bíi ti odò inú igbó, ẹja á sì fara balẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ń fi owó gidi ra ewé yìí.

Oúnjẹ: tanwíjí dára fún un ju ohunkóhun lọ, torí ojú omi ló ti ń jẹun. Lọ edé gbígbẹ kúnná, fi kún un. Bọ́ ọ lálẹ́ lẹ́yìn tó o bá ti pa iná.

ÌyáÌbejì_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti omi, nítorí àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bíi tèmi. Chloramine, oògùn apakòkòrò kan, ni wọ́n fi sínú omi ẹ̀rọ wa, kì í bá afẹ́fẹ́ lọ bíi chlorine lásán. Bó o gbé omi kalẹ̀ mọ́jú, ó ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ ra oògùn omi tó ń pa á.

Ọlámidé, ọ̀rọ̀ pàtàkì kan: bó o bá fẹ́ mú un, má lo àwọ̀n. Ẹ̀gún lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ àti ti ìhà méjèèjì ní eyín bíi ayùn, ó sì lè fi wọ́n há gbọn-in. Bí wọ́n bá kọ́ àwọ̀n, èèyàn lè ṣẹ́ ẹ̀gún náà níbi tó ti ń gbìyànjú láti tú u. Ike ńlá ni kó o fi bù ú pẹ̀lú omi. Bó o bá gbọ́ tó ń dún, má bẹ̀rù, ẹ̀gún ìhà rẹ̀ ló ń fi ha egungun èjìká.

ỌmọẸ̀pẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Mo ní adágún sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ilé, ẹ̀pìyà díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, mo ta àwọ̀n bò ó nítorí ẹyẹ. Sólà ló ń gbé páǹpù rẹ̀. Bí Ọlámidé bá fẹ́, mo lè gbà á. Mi ò ní pa á jẹ o, mo ṣèlérí.

BàbáÀrọ̀_Ìbàdàn

O káre. Báwo ni adágún náà ṣe jìn tó, ibo sì ni omi tó ń jáde níbẹ̀ ń gbà lọ?

ỌmọẸ̀pẹ́

Ó ga dé àyà mi, sà. Páìpù ló gbé omi jáde lọ síbi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, kò kan ọ̀sà. Mo fi àwọ̀n wáyà dí ẹnu páìpù náà.

BàbáÀrọ̀_Ìbàdàn

Ìyẹn dáa. Kí o tó fi í sí adágún, dá a yà sínú ike ńlá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó o máa ṣọ́ ọ bóyá àmì funfun á yọ lára rẹ̀. Bó bá nílò oògùn, ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí ni kó o kọ́kọ́ lò. Ẹja yìí kò ní ìpẹ́, oògùn máa ń tètè wọ ọ́ lára.

Ọlámidé_Sùúrùlérè

Ọkàn mi balẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́, Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣé nínú ọ̀rá nílọ́nù ni kí n gbé e wá?

ÌyáÌbejì_Peckham

Nílọ́nù kọ́! Ẹ̀gún yẹn á lu ú kó o tó dé Ìkòròdú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí ni, omi táńkì rẹ̀ gan-an ni kó wà nínú rẹ̀, kó má kún ju ìdajì lọ kí atẹ́gùn lè wà lókè. Má bọ́ ọ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Páǹpù bátìrì tí bàbá ní kó o rà, gbé e dání.

ỌmọẸ̀pẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni. Gbéra ní kùtùkùtù Sátidé kí oòrùn tó mú, kó o sì pè mí bó o bá dé ìdí ọjà Olúwo. Màá wá bá ọ níbẹ̀. Bu omi táńkì rẹ sí kẹ́ẹ̀gì kan lọ́tọ̀, ká lè máa fi omi tèmi là á díẹ̀díẹ̀.